Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Ń Pè Mí

Inú ṣì ń bí mi títí di ìsinsìnyí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tó bá mi nílé nígbà tí mo ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ló ń pa ẹ̀pà lójúde wa ní Okpomèta tó fi ṣubú. A pè é, kò dáhùn. Òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì tutù. Kí n tó sáré dé, ẹ̀gbọ́n mi ti ń da epo pupa sí i lẹ́nu. Mo gba igbá epo lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a jà bí ẹni tó mọ nǹkan. N kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ariwo sì ni ẹ̀rù tèmi máa ń dà. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, kò lè gbé epo mì.

A gbé e dé ilé ìwòsàn ní Kétu. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa, fi Faransé sọ fún un pé kó lajú. Kò là á. Dókítà fi ìkúùkù tẹ egungun àyà rẹ̀ gidi, láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ṣì ń mọ ìrora. Ìyàwó wa kérora, ó fẹ́ gbá ọwọ́ náà dànù. Dókítà ní ìyẹn dára. Èmi ni mo di àyà tèmi mú, tí mo fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n gún un níka, wọ́n rí i pé ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ti lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀, kò sì jẹun, nítorí ẹ̀pà ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ dé ọjà. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo ilẹ̀.

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, ó sì lajú. Dókítà wá ń bi í ní ìbéèrè kó lè mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti padà. Bí kò bá tíì padà, ó ní Kútọnu ni wọ́n máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ láti yẹ orí rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ń túmọ̀. Níbo lo wà? Ilé ìwòsàn. Ta nìyí? Èmi ni dókítà nàka sí.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ni ìyàwó wa wí.

Dókítà gba ìwé ìdánimọ̀ mi wò, kò rí orúkọ tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Dókítà wo ikùn mi, ó wò ó dáadáa, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n lọ pe ọkọ̀.

Mo gbaná jẹ. "Ìwọ nọ́ọ̀sì yìí, ṣé kò sí ìyàwó nílé yín ni? Ìyàwó wo lo rí tó ń fi orúkọ àbísọ pe ọmọ ọkọ rẹ̀?"

Ó ní ohun tí aláìsàn bá sọ ni òun ń túmọ̀, kì í ṣe àṣà. Ọmọ tí a bí, tí Faransé gbà lọ́wọ́ wa! Mo kọjú sí dókítà láti ṣàlàyé fúnra mi, ṣùgbọ́n ibi tí mo kàwé dé kò tó ibi tí inú mi ń ru dé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju "màdáàmù, bọ́ọ̀n, bọ́ọ̀n" lọ, ìyẹn ìyáàfin, dáadáa, dáadáa.

Dókítà ní ó dáa, kí ìyàwó wa pe orúkọ mi gan-an, kí òun gbọ́. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀. Ìyàwó wa gbé ojú kúrò lára wọn.

"Ẹ sọ fún un pé orí mi kò tíì dàrú débi tí n ó fi pe orúkọ ọmọ ọkọ mi." Ó wo ọrùn aṣọ rẹ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ta ló da epo sí mi láṣọ?"

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀, tòun ti epo. Dókítà tún wo ikùn mi, ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró.

Èmi ní tèmi, mo nàka sí ẹ̀gbọ́n mi.