Ọjọ́ Tí Mo Gbé Irinṣẹ́ Lọ Bá Mẹkáníìkì

Ọmọbìnrin mi ń ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Láti Olódò tí à ń gbé ló ti ń wa ọkọ̀ lọ láràárọ̀. Ní ọjọ́ Wẹ́sidé kan, kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ó tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orí ló ní kí awakọ̀ tírélà tètè yà fún un. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n èmi ò lè jẹun.

Mo pinnu pé ìṣojú mi ni wọn yóò ti tún un ṣe. Aránṣọ ni mí; mo mọ ohun tí ìdajì ínṣì lè bà jẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀. Wọ́n ní àwo ribiti kan wà nínú kílọ́ọ̀ṣì, àárín gbùngbùn ló gbọ́dọ̀ wà kí ọ̀pá gíà tó lè gba ihò rẹ̀ kọjá, àti pé irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń tò ó kó gún. Mo lọ ra irinṣẹ́ náà n'Ìbàdàn. Ike dúdú líle ni, ó mọ́, ó ń dán, wọ́n dì í sínú ọ̀rá.

Nígbà tí èmi àti ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ bá ní Lálúpọn ní Sátidé, ó ti sọ gíà kalẹ̀. Ó jókòó sórí táyà, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi kan. Bó bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, á wé téèpù mọ́ ọn, á tì í bọ ihò ara ẹ́ńjìnnì, á tún yọ ọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Igi gúáfà ni, Mọ́mì. Òun la fi ń to àwo."

"Igi? Nínú ọkọ̀ ọmọ mi?"

Mo yọ ike mi jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tì í bọ ihò náà, ó mì í díẹ̀, ó wá wojú mi.

"Ṣé èyí ni ká lò?"

"Òun ni wọ́n ṣe fún un."

"Ó dáa, Mọ́mì."

Ó fi ike mi to àwo, ó de gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì fi jáàkì gbé gíà sókè. Gíà kò wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó nàró, ó fi orúnkún tì í, kò wọlé. Nígbà tó pé wákàtí kan, mo yọ téèpù ìránṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu gíà.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un ni?"

Mẹkáníìkì jáde lábẹ́ ọkọ̀. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ike yẹn tín-ín-rín fún ihò ara ẹ́ńjìnnì. Àwo ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ìgbà tí mo mì í ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹ̀yin lẹ ní ká lò ó, Mọ́mì. Ẹ ju ìyá tó bí mi lọ. Ṣé kí n máa bá yín jiyàn níwájú ọmọ yín ni?"

Èmi náà ni mo kọ́ ọmọ mi pé a kì í já àgbà ní koro. Ká ní mẹkáníìkì yìí ta kò mí, mo lè pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ tó ní yìí kan náà ló fi de àwo sí ibi tó mọ̀ pé kò yẹ kó wà, nínú ọkọ̀ tí ọmọ mi yóò wà.

Ó tú u, ó fi igi gúáfà tò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti gíà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn tún da orí mi rú sí i. Mo bi í bóyá ọkọ̀ náà ti dára. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Ṣé ó lè gbé e dé ibi iṣẹ́ láìsí ewu? "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Ohùn tó fi gba ike mi náà ló fi ń dáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn?

Mo tẹ̀ ba, mo na ìka sí nọ́ọ̀tì tó di gíà mú. "Fún èyí sí i. Fún un dáadáa."

Ó mú sípánà, ó fi kàn án, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Rárá, Mọ́mì. Bí mo bá fún un jù báyìí lọ, yóò já sínú ihò. Ẹ má bínú."

Mo tún ní kó fún un, kí n lè gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ó tún ní rárá, ó sì ń wo ilẹ̀.

Mo ṣí báàgì mi, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, mo gbé e fún ọmọ mi.