Wọ́n Ti Mú Un Lọ

Afura ni mí, mi ò ní fi pamọ́. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, mo ra ògbólógbòó jíìpù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń la títì, kí n lè máa fi kó kòkó láti oko wa ní Alájùé. Oṣù tí mo rà á gan-an ni mọkálíìkì kan ní Òṣogbo yọ bátìrì tuntun inú rẹ̀, tó fi àlòkù sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tí gírísì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìṣó ya àmì sí ìdí bátìrì. Mo máa ń fi igi wọn epo kí n tó fi jíìpù sílẹ̀, bí mo bá sì dé, màá tún un wọ̀n.

Mọkálíìkì tí mo wá ń lò wà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní oríta Sẹkọ́nà. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè mí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Kí ló ń wá tó fi ń pọ́n mi lé tó báyìí? Bó bá wọ abẹ́ ọkọ̀, èmi náà á lóṣòó, màá máa wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá síbòòji, oòrùn yìí pọ̀."

"Oòrùn ò pa mí." Òógùn á sì máa ro tótó lójú mi!

Lọ́jọ́ kan, jíìpù kọ̀, kò jí. Ó ní rótọ̀ rẹ̀ ló sán, ohun dúdú kékeré tí í pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Mo fi jíìpù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọ lọ́rì padà sílé ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀: ṣé rótọ̀ náà tiẹ̀ sán lóòótọ́? Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo padà débẹ̀. Mo ṣí bọ́néètì: àyè rótọ̀ ṣófo.

"Rótọ̀ mi dà?"

Abẹ́ lọ́rì onílọ́rì ló wà. Kò tilẹ̀ yọjú. "Ẹ má wulẹ̀ wá a, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti mú un lọ."

Wọ́n ti mú un lọ kẹ̀! Ẹ gbọ́ ẹnu olè! Mi ò bi í pé àwọn wo. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo wọ́ ọ jáde lábẹ́ lọ́rì, mo figbe ta: "Olè! Ẹ wá wo olè o!"

Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé wa lórí. Ẹnì kan gbá a létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," ló ń wí. Ta ló fẹ́ gbọ́? Awakọ̀ méjì tí ọkọ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kó kó irin àwọn fún àwọn lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe: mọkálíìkì tí wọ́n bá pè lólè ní oríta yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Inú mi sì dùn. Ẹ ò rí i pé mo burú?

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ kan fi já bàbá mi sílẹ̀. Wọ́n di bébà kékeré kan mú. Nígbà tí wọ́n tú u, rótọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, tuntun kan àti tèmi tó sán. Wọ́n ní àwọn ń ti oko bọ̀ láàárọ̀, àwọn rí jíìpù mi níbẹ̀, àwọn sì gba rótọ̀ náà lọ́wọ́ mọkálíìkì kí àwọn fi wá irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ṣèlérí fún un pé àwọn á yà nílé sọ fún mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Òṣogbo dé, àwọn bá a lọ tààrà.

Bàbá mi ni "wọ́n". Ṣé kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wá sọ nípa bàbá mi pé "ó ti mú un lọ" ni?

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún mọkálíìkì náà lójú gbogbo èrò.

"Ó ti tán, sà," ló wí. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi rótọ̀ tuntun sí i, jíìpù jí, ó wá fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Abẹ́ máńgòrò ṣófo, àpá epo nìkan ló kù nílẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin kan tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Wọ́n ti lọ," ló wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo bèèrè: "Àwọn wo?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mọkálíìkì ni, sà. Ta ló tún fẹ́ gbé ọkọ̀ wá fún wọn?"