Ẹran Ara Ìyá Mi

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní ilé àyẹ̀wò kan ní Kútọnu, lórí ohun kan ṣoṣo. Bí sẹ́ẹ̀lì ara bá fẹ́ ránṣẹ́, á kọ ọ́ sórí ìwé tín-ín-rín kan tí à ń pè ní ARN. Bí iṣẹ́ náà bá ti di jíjẹ́, ara á fa ìwé ọ̀hún ya. Ṣùgbọ́n purotéènì kan wà tó máa ń di ìwé náà mú. Nínú àrùn jẹjẹrẹ, ó máa ń dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ: ìwé tí wọ́n kọ "ẹ máa pọ̀ sí i" sí kò ní í fàya, kókó á sì máa wú.

Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá ìyá mi. Nígbà tó dé ara ìyá mi, tí wọ́n gé e, tó tún hù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Bí wọ́n bá gé e lẹ́ẹ̀kejì, mú lára rẹ̀ lọ sí lábò yín. Wò ó dáadáa, nítorí tìẹ." Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ní Àjàṣẹ́, mo gba ẹran tí wọ́n gé náà nínú ìgò, mo gbé e sínú àpótí yìnyín. Ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ wa ń bọ̀ wá gbé e. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mi jókòó tì í, kí n lọ wo ìyá mi bó ṣe ń jí. Nígbà tí mo máa jáde, n kò rí ẹ̀gbọ́n, n kò rí àpótí. Ẹni tó wá gbé e ti dé, ọwọ́ òfo ló fi padà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi títí, kò gbé fóònù. Mo gun alùpùpù sẹ́mí dé Ìfọ̀nyìn ìlú wa, eruku bò mí. Mo bá a lábẹ́ ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé wa, ó ń fọ ọkọ́.

"Ìyá, ẹran ọ̀hún dà, ẹ jọ̀ọ́?"

"Mo ti sin ín. Ẹran ara ènìyàn kì í rin ìrìn àjò. Ta ló ń gbé ibi ọmọ fún àlejò?"

"Màmá mi ló ní kí n mú un."

"Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀."

Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí n hú u, mo tún jù ú sílẹ̀. Ta ló mọ̀ tó mi nínú agbo ilé yẹn pé ó ti bàjẹ́? Ìwé tó kọ̀ tí kò fàya nínú ara ìyá mi, kò lè fara da ooru ọ̀sán yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bínú sí purotéènì tí kò jẹ́ kó ya. Lọ́jọ́ náà, ká ní ó lè dì í mú, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sunkún ìbínú bí ọmọdé.

"Má sunkún," ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ibẹ̀ yẹn náà ni a sin ti ìyá wa sí." Ó wá rọra gbé ọwọ́ lé ọmú òsì rẹ̀. "Tèmi yìí náà, bí wọ́n bá gé e, ibẹ̀ ni kí o sin ín sí."

Mo bi í pé láti ìgbà wo ni kókó ti wà lọ́mú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí àgbàdo ti ń hù.

Àgbàdo ọdún yẹn ti wà lórí àjà, ó ti gbẹ.