Ẹsẹ̀-Kan àti Àga Mẹ́fà

Ẹsẹ̀-Kan ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe pé ó yarọ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n sì le koko; wọn kì í kàn dúró sójú kan ni. "Ẹsẹ̀ kan ilé, ẹsẹ̀ kan ọ̀nà" ni orúkọ náà ní kíkún. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì bá a dàgbà.

Nígbà tó wà ní kékeré, bí wọ́n bá ń jẹun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni yóò gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kó má baà sá lọ kí oúnjẹ tó tán nínú àwo. Nígbà tó dàgbà, ta ló fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e mọ́? Ó kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó fi sílẹ̀. Ó ya fọ́tò fún ọdún kan, ó fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n bá a bẹ ènìyàn fún iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dójú tì í. Ọgbọ́n kan náà ló ń dá: bí nǹkan bá ti fẹ́ dàrú, yóò ní òun fẹ́ lọ mú nǹkan nínú mọ́tò. Ẹ ò tún ní í rí i mọ́.

Iṣẹ́ tó wá mú un dúró fún odindi ọdún kan ààbọ̀, eré ìje dúróònù ni, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, tàbí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lára yá, wọn á háyà rẹ̀. Yóò to àga mẹ́fà, yóò fi awò ńlá bo ènìyàn mẹ́fà lójú, yóò kó rìmóòtù lé wọn lọ́wọ́. Kíá, wọ́n ti wà lókè, wọ́n ń fò gba inú òrùka oníná láàárín àwọn ilé gíga, àwọn tó kù ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ariwo sì sọ. Dúróònù gan-an kò sí níbẹ̀; àwòrán inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá lọ ni àwọn àgbàlagbà ti ń wòkè, tí wọ́n ń bi í pé, "Àwọn dúróònù ọ̀hún dà?" Yóò ní, "Inú awò ni wọ́n wà, bàbá." Wọ́n á wo inú awò, wọ́n á tún wo ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà bá a lára mu, torí pé àwọn ẹlòmíràn ló ń jókòó. Òun ń rìn kiri lẹ́yìn wọn. Òfin méjì péré ló ní. Èkíní, kí oníkálùkù bọ́ bàtà, kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ yóò rò pé òun ń já bọ́ lóòótọ́, òòyì á sì kọ́ ọ. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó wà fún: kí ó gbé awò kọ̀ọ̀kan sórí àga rẹ̀, kí ó kọ ojú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, kí ó tàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú kan, títí iná ara rẹ̀ yóò fi di àwọ̀ ewé. Ibi tí awò bá kọjú sí ní ìṣẹ́jú yẹn ni yóò máa pè ní iwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, torí kọ̀ǹpútà kan ló ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tó nira fún Ẹsẹ̀-Kan láyé tó ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn.

Akọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Máníjà tó ti bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n ló dìde nínú ìpàdé tó ní àbúrò òun á wá dá wọn lára yá. Nígbà tí Ẹsẹ̀-Kan ń kó ẹrù wọlé, ẹ̀gbọ́n dì í lápá mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo ṣe onídùúró fún ẹ o," ó wí. "Tí o bá tún sá lọ lónìí, mi ò ní bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa ẹ mọ́ níbikíbi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ó tan awò àkọ́kọ́, ó rí i pé wáyà tẹlifíṣọ̀n kò dé ibi iná, ó gbé awò náà dání, ó lọ wá wáyà. Ó tan èkejì, ó rántí pé òun kò ti mọ́tò, ó fi awò há abíyá, ó jáde. Orí ìrìn ló ti tan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan kọjú sí fèrèsé, ọ̀kan sí ilé ìdáná, òmíràn tilẹ̀ wo àjà. Iná gbogbo wọn di àwọ̀ ewé, ó tò wọ́n sórí àga, ó ní ó parí.

Máníjà ló kọ́kọ́ jókòó. Nígbà tó bọ́ bàtà, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn márùn-ún mìíràn jókòó tì í. Ẹsẹ̀-Kan pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó yá, ẹ fò!"

"Ká fò lọ síbo?" ni Máníjà béèrè. "Ògiri ni mò ń wò."

Akáǹtáǹtì yí ọrùn títí àga fi bá a yí. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ẹrù sọ pé òkè orí òun ni òrùka wà, ó dá ara padà sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí òun àti àga jọ ṣubú. Láìpẹ́, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kẹ̀yìn síra wọn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, dúróònù mẹ́fà ń forí sọ ògiri. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbẹ. Àwọn tó wà lórí àga bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awò, wọ́n di orí mú.

"Ṣé eré náà nìyí?" ni ẹnì kan wí. Ojú gbogbo wọn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó lọ sára akọ̀wé.

Ẹsẹ̀-Kan ti mọ ohun tí òun ṣe. Ó sì mọ àtúnṣe rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́fà, ní ìdúró gbagidi, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn máa wo òun. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú nǹkan kan nínú mọ́tò."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Ó wò ó títí ó fi jáde.

Nínú mọ́tò, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọlé. Ó ti ń to irọ́ tí yóò pa lórí fóònù: ẹ̀rọ kan ló jó. Ẹ̀gbọ́n kò ní bínú, yóò kàn ní "ó dáa", bó ṣe wí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìṣáájú. Inú bí i sí "ó dáa" yẹn, inú tún bí i sí ara rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó tún kì í bọlé. Ìgbà náà ni ariwo ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀ lé e. Ta ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ó sọ̀kalẹ̀ lọ yọjú.

Ẹ̀gbọ́n ni, obìnrin tí ẹ̀rù ibi gíga kì í jẹ́ kó gun àpótí láti fi kọ́tìnnì kọ́. Ó jókòó sórí àga àárín, awò ti bò ó lójú, dúróònù kan ṣoṣo ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri lórí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ má tíì lọ o," ó ń wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "ẹ jókòó, ẹ wò mí!" Wọ́n ń kígbe pé, "Akọ̀wé, yà sọ́tùn-ún!" Gbogbo wọn rò pé eré ni. Ẹsẹ̀-Kan nìkan ló wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kan ilẹ̀. Ó ká a sókè, ó ń gbọ̀n.

Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fa àga kan, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Kò yẹ kí àbúrò gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó gbé e lé e, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Má gbé e kúrò."

Láti orí ìjókòó ni Ẹsẹ̀-Kan ti bẹ Máníjà pé kó bá òun tan àwọn awò tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ ojú wọn sí tẹlifíṣọ̀n, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Máníjà tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu ṣe é. Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú kan lọ, iná kan di àwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú méjì. Orúnkún Ẹsẹ̀-Kan ń yún un, gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó dìde, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Kò gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, tèmi-tìẹ ti bẹ̀rẹ̀ nídìí àga: ta ni yóò kọ́kọ́ fò?

"Ó ku tèmi," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó bọ́ awò, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. "O ò ní í lọ mú nǹkan tó wà nínú mọ́tò yẹn ni?"

"Kò sí nǹkan kan nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi. Kò fìgbà kan sí."