Síkírìnì Tí Kò Dáhùn

Lọ́dún 2019, Muzzammil Bàdámọ́sí fi dráífà tí kò bá a mu sínú géèmù alágbèéká kan, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ sì dorí kodò. Marguerite tó ni géèmù náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Papa Muzza, ma pikin go stand for head before e play?"

Àwọn ará ọjà Nkololoun, níbi tó ti ń tún géèmù ṣe, sọ pé kò mọṣẹ́ mọ́. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ló ti ń ṣe bàìbàì. Dráífà kì í ṣe eré fúnra rẹ̀, bí àwọn oníbàárà ti máa ń rò. Ètò kékeré tí ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe lo síkírìnì rẹ̀ ni. Oríṣi síkírìnì mẹ́tàdínlógún ló lè wà nínú géèmù kan náà. Àwọn bíi Muzzammil, tí ń kọ eré fúnra wọn, tí wọn kì í dúró de ilé-iṣẹ́ kankan, ní láti wá dráífà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí a fi ń dá síkírìnì mọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré bí ẹyin iná orí. Muzzammil ka mẹ́ta sí mẹ́jọ.

Dókítà ti sọ fún un pé ojú náà kò ní í sàn. Ó wá pinnu láti kọ dráífà kan ṣoṣo tí yóò kọ́kọ́ bi síkírìnì ní nọ́ńbà rẹ̀, kó tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Bí èyí bá ṣeé ṣe, ojú ìbáà fọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Ó sọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà di ńlá títí ó fi ku ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí ìlà kan. Nàfíù, tí ń ta síkírìnì ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀?"

"Ó ń dá mi lóhùn. Ìyàwó tìẹ ńkọ́?"

Lọ́dún 2023, mẹ́tàdínlógún náà dáhùn. Ó pa ojú dé dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọjà tuntun fi dé sí ìsọ̀ Nàfíù. Muzzammil so ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ: funfun báláú. Ó so èkejì: funfun báláú. Ó dán ogún wò. Níkẹyìn ó fi èékánná wá wáyà tí síkírìnì fi ń fèsì. Kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti yọ ọ́ kúrò kó lè di ọjà pọ́ọ́kú. Wọ́n lè gbọ́, wọn kò lè fọhùn.

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

"C'est fini, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ṣe é mọ́." Nàfíù kò rẹ́rìn-ín. "Èmi á máa ka nọ́ńbà fún yín."

"Títí di ìgbà wo?"

Nàfíù fa àga mọ́ ọn, ó ka ti àkọ́kọ́.

Ó kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá, bí Muzzammil bá pè é, "J'arrive, mò ń bọ̀" ló máa ń dáhùn láàárín àwọn oníbàárà tirẹ̀, kò sì ní í dé. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Muzzammil méfò nọ́ńbà kan. Àwòrán náà dorí kodò. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ lé Nàfíù lọ́wọ́, ó ti ìsọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 tí a gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń gbé ní Yassa, ní yàrá ẹ̀yìn ilé àbúrò rẹ̀, Àsàmáù.