Òjò Ká Wa Mọ́ Orí Àpáta Láfún

Àlejò tó bá dé ẹ̀yìn ilé wa ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ á rò pé ẹfun la fi kun àpáta ibẹ̀. Láfún ni. Orí ẹ̀ la ti ń sá a ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹ̀fun ẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ òkúta. Tó bá gbẹ, kò séwu. Ṣùgbọ́n kí òjò kàn wọ́n wíríwírí sí i báyìí, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àpáta ọ̀hún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ṣónṣó ló sì wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ṣú lójijì. Kí n tó tibi iṣẹ́ dé, ìyá ọkọ mi ti gòkè lọ kó láfún. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo gbójú sókè, mo rí wọn tí wọ́n gbé agbọ̀n rù, wọ́n ń bọ̀ tààrà.

Mo figbe ta: "Ìyá, ẹ jókòó! Ẹ jókòó síbẹ̀!"

"Kí òjò wá ba láfún mi jẹ́? Ìwọ tí a gbé wọlé lánàá, o fẹ́ kọ́ mi ní àpáta?"

Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ tán, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Wọ́n há síbẹ̀ lórí ìdúró, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà sẹ́yìn. Yéè! Àyà mi já. Inú sì tún bí mi. Èmi kọ́ ni mo máa sin ìyá ọkọ mi nítorí láfún!

Mo bọ́ bàtà. Mi ò gba ojú funfun yẹn rárá. Ẹ̀gbẹ́ tí koríko ti hù ni mo rá kòrò gbà, ọwọ́ kan ò kúrò àfi tí èkejì bá ti di nǹkan mú. Mo dé ìtòsí wọn, mo di gbòǹgbò igi kan mú, mo na etí ìborùn mi sí wọn. Wọn ò rí ọwọ́ fi gbà á. Agbọ̀n ni wọ́n fi méjèèjì dì mú.

"Ẹ jù ú sílẹ̀!"

"N ò jù ú."

"Ẹ ò jù ú? Ó dáa. Mò ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn, ká jọ ṣubú!"

Wọ́n wò mí lójú, wọ́n rí i pé mi ò ṣeré. Ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Agbọ̀n yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó lọ sọ mọ́ òkúta ìsàlẹ̀, ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n di ìborùn mú, ìdí la sì fi wọ́ dé ibi koríko.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ará ilé wá kí wa bí a ṣe ń kíni ládùúgbò wa: "Okun o, ẹ kú ewu." Ọ̀kan nínú wọn fi ìyá ọkọ mi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ẹ̀yin náà ju láfún nù?"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí mi: "Ó ní òun máa bá mi ṣubú. Àwọn ọmọ tí mo bí, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí."