Ìlà Kan Ṣoṣo Lára Egungun Ìyá Tọ́pẹ́

Ìlà méjì ló yẹ kí n rí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí. Mo yọ gíláàsì náà kúrò lábẹ́ maikirosikópù, mo nù ún, mo dá a padà. Ìlà kan náà ló tún wà níbẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, tó ń tàn. Egungun tí mo ń wò kì í ṣe ti àjèjì. Ti Ìyá Tọ́pẹ́ ni, tá a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní Settimo Torinese lẹ́bàá Turin, èmi fúnra mi ni mo sì fà á lọ́wọ́ wá sí ọsibítù.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ní Turin. Mo ti kọ́ṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò n'Íbàdàn kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi dé Itali, ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan ni mo fi wẹ àwọn arúgbó, tí mo fi pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé ẹ̀rí mi sí nǹkan kan. Nígbà tí yàrá àyẹ̀wò egungun ní ọsibítù kan wá gbà mí, periodo di prova ni wọ́n fún mi, ìyẹn oṣù díẹ̀ tí wọ́n á fi wò mí bóyá mo kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni Signora Ornella, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá ti mu kọfí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ipò rẹ̀ ni mo ń retí, ojoojúmọ́ lẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn ò ní fún mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé egungun dà bí òkúta, pé bó bá ti dàgbà, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó egungun àtijọ́, tó sì ń kọ́ tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ kan ni bíríkìlà tó ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan rírọ̀ kan sílẹ̀, okùn tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Osteoide ni Ornella ń pè é. Tó bá ṣe díẹ̀, kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ á wọ inú rẹ̀, á sì le. Bí àwọn bíríkìlà ṣe ń to irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e náà ni. Bí kọnkéré ò bá wá, irin lásán ló kù níbẹ̀, ilé á sì máa mì.

Láti mọ̀ bóyá kọnkéré ń wá, tetirasaikilini la máa ń fún aláìsàn, kápúsù kan náà tí wọ́n ń tà nílé fún inú rírun. Ibi tí kálísíọ́mù bá ti ń wọlé lọ́jọ́ náà ni oògùn yìí á lẹ̀ mọ́, á sì tàn tá a bá fi iná aláwọ̀ aró kan wò ó. Aláìsàn á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, á sinmi fún ọjọ́ méjìlá, á tún lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni dókítà á fi abẹ́rẹ́ ńlá yọ egungun díẹ̀ níbàdí rẹ̀. Àlàfo tó bá wà láàárín ìlà méjèèjì ló ń sọ bí egungun ṣe le tó láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ìlà méjèèjì bá gorí ara wọn di ọ̀kan, a jẹ́ pé kálísíọ́mù ò wọlé rárá.

A kì í fi ásíìdì rọ irú egungun bẹ́ẹ̀, torí ásíìdì á jẹ kálísíọ́mù tí à ń wá. Oje kan tó ń le bí ike là ń rì í sí, ká tó fi ẹ̀rọ gé e kó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, gbogbo èyí tí mo gé ló ya. Ornella pariwo, "Piano, Fúnmi, piano! Rọra! Kì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lò ń gé fún búrẹ́dì!"

Iṣẹ́ dídi ẹrù ni Ìyá Tọ́pẹ́ ń ṣe nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Settimo. Kí oòrùn tó yọ ló ti ń wọlé, ó di ìgbà tó bá wọ̀ kó tó jáde. Itan àti ìbàdí ń dùn ún, ó wá ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn kan nínú ìjọ ní ọfà ni wọ́n ta sí i láti ilé. Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ṣàlàyé oògùn náà fún un ní Yorùbá, tí mo kọ ọjọ́ rẹ̀ sórí bébà fún un. Nígbà tí wọ́n yọ egungun rẹ̀ tán, fọ́ọ̀mù kan wà tá a gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tó lo oògùn sí. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, láì bi í léèrè. Èmi náà kọ́ ni mo yan ọjọ́ fún un?

Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ka èsì, wo gíláàsì náà, ó mi orí. "Bloccata," ó ní, ó ti dúró pátápátá. Ó ṣàlàyé pé ó lè jẹ́ kókó kan ló fara pamọ́ sínú ara obìnrin náà, tó ń dínà mọ́ egungun rẹ̀. Wọ́n á dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n á wá a kàn, bó bá sì gba pé kí wọ́n là á, wọ́n á là á. Nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Settimo. Ìyá Tọ́pẹ́ ń gé ẹ̀fọ́ lórí ìjókòó.

"Oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ọjọ́ wo lẹ lò ó?"

Ó wò mí. "Ẹ̀yin Sístà, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ọjọ́ mẹ́ta ààwẹ̀ àwa obìnrin ló bọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ dúró níwájú wa tẹ́ ẹ ní omi pàápàá ò gbọ́dọ̀ kàn wá lẹ́nu. Ṣé gbígbẹ ni kí n gbé kápúsù mì ni?"

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Mo ṣebí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fún mi lóògùn, ẹ̀yin náà lẹ pe ààwẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀, ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ. Gbogbo kápúsù náà pé síbẹ̀. Ojú tì mí. Ìlà kan tá a rí kì í ṣe méjì tó gorí ara wọn. Ìlà kejì ò fìgbà kan sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù. Bí mo bá sọ ọ́, fọ́ọ̀mù irọ́ ni mo fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ṣì ń dán mi wò, wọ́n á lé mi padà sídìí àwọn arúgbó. Bí mi ò bá sọ ọ́, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀sín náà kàn, Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n fẹ́ là.

Láàárọ̀ Monday, mo sọ fún Ornella. Ó gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"O fọwọ́ sí i?"

"Sì, signora."

"Lọ sọ fún ọ̀gá báyìí, kí ọkàn rẹ tó yí padà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Digiuno? Ààwẹ̀ tí kò sí omi?" Ó mú fọ́ọ̀mù náà, ó kà á. "A jẹ́ pé irọ́ lo kọ síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Láìmọ̀, Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn.

Kò lé mi. Kò sì sọ pé òun ò ní lé mi. Ó kàn fi kún oṣù tí wọ́n fi ń wò mí, ó sì ní kí wọ́n dá ètò ọsibítù yẹn dúró, kí wọ́n tún yọ egungun mìíràn. Èmi ni mo lọ bẹ Ìyá Tọ́pẹ́.

"Ṣé ó tún máa dùn mí bíi ti àkọ́kọ́?" ó bi mí.

"Ó máa dùn yín." Irọ́ tí mo ti pa ti tó.

Lọ́tẹ̀ yìí, lójoojúmọ́ tó yẹ kó lo oògùn ni mo lọ síbẹ̀, mo dúró tì í títí omi á fi gbé kápúsù náà lọ. Wọ́n yọ egungun náà ní ìbàdí òsì, torí ọ̀tún ni wọ́n ti yọ ti àkọ́kọ́. Oje le tán. Nídìí ẹ̀rọ, Ornella gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó gé e fúnra rẹ̀. Mo tan iná aró. Mo wò ó, mo tún un wò, mo pe Ornella. Ó fi ojú lé e títí.

"Due," ó ní. Méjì.

Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n. Mo sunkún níbẹ̀. Kálísíọ́mù ń wọlé, ó kàn ń falẹ̀ ni. Àyẹ̀wò tó kù fi hàn pé fitamin D, èyí tí oòrùn máa ń bá awọ ara ṣe, ló tán lára rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tí kì í rí oòrùn, nínú kùrukùru ìlú yìí. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n máa ń kán sẹ́nu, wọ́n ní kó máa yá oòrùn lọ́jọ́ ìsinmi. Kí ọdún tó yí po, ó ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láì di nǹkan kan mú.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ nígbẹ̀yìn, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ ló mọ ìbéèrè mi: "Ṣé o bi í léèrè? Ọjọ́ wo ló gbé e mì, kí ló fi gbé e mì?" Wọ́n rò pé àṣejù ni.

Ìyá Tọ́pẹ́ ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé àwọn obìnrin bá ti parí tó ku àwa méjì, á gbé etí bùbá rẹ̀ sókè, á fi ojú àpá méjèèjì hàn mí.

"Tọ̀tún ni ti dókítà," á ní. "Tòsì yìí, tiyín ni, Sístà."

Á bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, mi ò tíì lè bá a rín in.